Ọmọ Tó Mọ Ṣéńjì Lọ́jà, Tí Kò Lè Ka Ìwé

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ìwé kẹrin ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí mo bá béèrè ẹni tó mọ àlọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ nàwọ́. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà lọ́jà, kì í sì í ṣi ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìwé ka iwájú rẹ̀, òógùn á bò ó, kò lè ka gbólóhùn kan délẹ̀. Mo ti na án, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa ní kó tún kíláàsì ṣe. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà, wọ́n ti mú un lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi àpèkọ rẹ̀ kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ni kí n ṣe?"

Tíṣà wa, ẹ kú ìrọ́jú ọmọ 52 nínú yàrá kan. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọmọ náà, ẹ jẹ́ ká jọ wo àpèkọ yẹn. Gbólóhùn tí ẹ pè fún wọn ni "Bàbá gbé àgbàdo wá sílé." Ohun tí ọmọ náà kọ ni "dada ge agado wa sile". Ẹ fi báírò pupa sàmì káàkiri ojú rẹ̀, ẹ sì fún un ní òdo. Ẹ gbàgbé pupa yẹn ná, kí ẹ wá ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ pè, márùn-ún ló kọ. Àgbàdo ní sílébù mẹ́ta, mẹ́ta náà ló kọ. "Wa sile" kò ní àléébù àfi ti àmì ohùn. Ibi tó ti kọsẹ̀ kò ju méjì lọ: ó fi d sípò b, ó sì sọ gb di g lẹ́ẹ̀mejèèjì tó pàdé rẹ̀. Ọmọ tí kò kọbi ara sí iṣẹ́ kì í ṣe àṣìṣe kan náà lọ́nà kan náà báyìí. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó bá kan kó fi lẹ́tà dúró fún ohùn tó gbọ́ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lábẹ́ ìbéèrè yín, bí ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́: ṣé orí ọmọ yìí pé? Ó pé o. Ẹni tó ń fi orí lásán yọ náírà 350 kúrò nínú 1,000 láàárín ariwo ọjà, tí oníbàárà mìíràn sì ń pè é lápá kejì, orí rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé. Lọ́dún 1896, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Pringle Morgan kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí wọ́n ń pè ní Percy. Ojú rẹ̀ ríran, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò wọlé fún un rárá. Tíṣà tó ti ń kọ́ ọ láti ọdún pípẹ́ sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó ń ṣe Percy ni wọ́n ń pè ní dyslexia lónìí. Mi ò tíì sọ pé òun ló ń ṣe ọmọ yín o, a máa dé ibẹ̀.

Ohun tó ń fa á kò ṣòro láti sọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, bó bá ti ń gbọ́ ọ nílé, yóò sọ ọ́. Ìwé yàtọ̀. Èèyàn ló ṣe ìwé, a ò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ tó lè kàwé, ọpọlọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ so ibi tó ti ń gbọ́ ohùn pọ̀ mọ́ ibi tó ti ń rí àmì, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ kíákíá láìdúró ronú. Fún àwọn ọmọ kan, ìsopọ̀ yẹn kì í tètè mú. Ó máa ń wà nínú ìdílé. Ẹ bi bàbá rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ nípa àbúrò bàbá kan tó já ìwé sílẹ̀ tó wá di ọ̀gá mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń wá. Kì í ṣe àìsàn ojú, nítorí náà gíláàsì kì í wò ó. Kì í ṣe àìsàn tí oògùn ń gbọ́ náà, ẹ kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ nípa àwọn tó ń ta oògùn tí wọ́n ní ó ń ṣí ọpọlọ ọmọdé. Bí wọ́n ṣe bí i ni, bí a ṣe ń bí ọmọ tó ń fi òsì kọ̀wé. (Ìyẹn náà, a ti nà wọ́n lọ́wọ́ títí láyé àtijọ́ kí wọ́n lè fi ọ̀tún kọ̀wé, kò sì sí ohun tí ẹgba náà tún ṣe.)

Ní ti nínà, mi ò ní jókòó síbí dá yín lẹ́jọ́. Lọ́dún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo na ọmọbìnrin kan nítorí pé kò lè ka ojú ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà tán. Lọ́jọ́ kejì, ó kà á láìsí àṣìṣe kan. Inú mi dùn, mo rò pé ẹgba ti ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìwé náà dojú dé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń "kà á" geerege. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kà á sí i létí nílé lóru, òun sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ṣe kí n má baà na òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbàgbọ́ pé bí ẹgba bá kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohunkóhun, ọ̀nà tí yóò gbà fi ìṣòro rẹ̀ pa mọ́ ni.

Kí ẹ tó fi orúkọ kankan pe ohun tó ń ṣe ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ dá ara yín lóhùn: mélòó nínú àwọn 52 ni kò lè ka gbólóhùn kan délẹ̀? Bí wọ́n bá jẹ́ 30, a ò gbọdọ̀ máa wá dyslexia kiri, àwa la ò kọ́ wọn. Mo ti rí kíláàsì tí wọ́n ti ń ka ìwé kẹrin tí wọn ò sì kọ́ wọn ní ABD parí rí, tí ọmọ kan ń sọ ọ́, tí ìyókù ń gbe e bí elégbè. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀rọ̀ yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ etí wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: iṣu, ẹja, bàtà, fìlà. Kó máa sọ ohun tó gbọ́ tẹ̀ lé yín. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá etí rẹ̀ máa ń ṣọyún ní kékeré, nítorí etí tó ń tú lemọ́lemọ́ máa ń dín ìgbọ́ràn kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wo ojú náà: ṣé ó máa ń fún ojú pọ̀ bó bá ń wo bọ́ọ̀dù? Ẹ tún ṣí rẹ́jísítà, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí kò wá ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, pàápàá àwọn ọjọ́ ọjà. Ọmọ tó ń ta ẹ̀wà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ gb, ibo ni yóò ti mọ gb?

Èyí tí mo gbójú lé jù nínú àyẹ̀wò ni ti àkàyé. Ẹ mú àyọkà kúkúrú kan tí kò rí rí. Ẹ fi ẹnu kà á fún un, kí ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé òmíràn tó le tó bẹ́ẹ̀ fún un kó dá kà. Bí ó bá gba mẹ́rin nínú èyí tó gbọ́ tí kò rí nǹkan kan mú nínú èyí tó kà, ìwé kíkà gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Bí kò bá rí méjèèjì ṣe, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju èyí lọ, ìmọ̀ràn mi tó kù kò ní tó o. Ohun tí ẹ sọ nípa àlọ́ àti ṣéńjì ló jẹ́ kí n máa tẹ̀ sí apá àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tó ń dá kún ìnira àwọn ọmọ wa. Álífábẹ́ẹ̀tì méjì là ń kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn lẹ́tà náà sì jọra lójú. Ti Yorùbá jẹ́ 25, kò ní c, kò ní q, v, x àti z, ṣùgbọ́n ó ní gb, ẹ, ọ àti ṣ. Ọmọ kọ́ p nínú "pupa" ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìsinmi ó tún pàdé àmì kan náà nínú "pen", ohùn náà kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ẹ pe méjèèjì síta kí ẹ gbọ́. Orúkọ b gan-an kò dúró sójú kan: tíṣà kan ní "bí", òmíràn ní "bíì". Gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní ohùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lójú ń rí g àti b tó fara tira. Ó jọ pé ohun tó ṣe ọmọ yín nìyẹn: ó rí g, ó kọ ọ́, kò mọ ibi tí èkejì ti wá. Àwọn ọmọ tó kù máa ń bọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí láàárín ọdún kan tàbí méjì. Irú ọmọ yìí ń há sínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní ká fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí Yorùbá bá ti wà lákọsílẹ̀ dáadáa, bí a ṣe kọ ọ́ la ṣe ń pè é, sílébù rẹ̀ sì rọrùn láti gé: à-gbà-do, kò tún sí wàhálà kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n "one" ti Gẹ̀ẹ́sì, níbo ni w wà? "Knife", kí ni k ń wá níbẹ̀? Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yóò bàjẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn rárá. Kì í ṣe ọmọ tó ní ìṣòro ìwé kíkà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó tó láti fi fọkàn òbí balẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ yín. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ni mo ń béèrè, kí ó jẹ́ lójoojúmọ́. Wákàtí méjì lọ́jọ́ Jímọ́ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ kó òun àti àwọn márùn-ún tó kù díẹ̀ káàtó jọ, kó má baà dà bí ẹni pé òun nìkan lẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú àtẹ. Ẹ mú b nìkan. Kó fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn, kó máa pe ohùn rẹ̀ bí ìka rẹ̀ ṣe ń lọ: ojú ń wò, etí ń gbọ́, ọwọ́ ń ṣe é, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má mú d wọlé rárá títí b yóò fi dúró, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé b ni bàbá, ikùn rẹ̀ wà níwájú. D ni ìdí, ìdí sì ń gbé ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni gb. Ẹ gé páálí, kí ẹ kọ gb sórí ẹyọ páálí kan ṣoṣo, kó má rí g lọ́tọ̀ rí. Ẹ to a, e, ẹ, i, o, ọ, u síwájú rẹ̀: gba, gbe, gbẹ, gbi, gbo, gbọ, gbu. Ìgbà tí èyí bá dúró ni kí ẹ tó kọjá sí ọ̀rọ̀ odidi. Ẹ má fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ ṣeré o, lẹ́tà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ti àmì ohùn, èmi máa ń fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí lẹ́tà yóò fi yanjú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà, wọ́n ní báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú báyìí yóò fi ìtumọ̀ gbólóhùn mọ èyí tó tọ́, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ sì ti pọ̀ tó.

Bó bá ti ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké, ẹ ní kó sọ oríkì ìdílé rẹ̀ tàbí àlọ́ tó fẹ́ràn. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ wá fún un kó kà á. Yóò há díẹ̀ níbẹ̀ sórí, kò burú, nítorí bí ẹ bá gé ìlà náà sí ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ tí ẹ dà wọ́n pọ̀, tí ẹ ní kó tò wọ́n padà, orí nìkan kò ní tó fún un mọ́. Yóò ní láti wo lẹ́tà.

Nínú kíláàsì ńlá náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ìwé kíkà ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì lẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé e, ẹ bi í lẹ́nu. Bí ó bá sọ pé omi ń gbẹ lọ sókè bí oòrùn bá pa á tó sì ń padà wálẹ̀ bí òjò, ó ti gbà á, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Ẹ ka ìbéèrè ìdánwò sókè fún gbogbo kíláàsì, yóò ràn àwọn púpọ̀ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe pè é lójijì kó dìde kàwé. Bí ẹ bá fẹ́ kó kà, ẹ fi ìlà mẹ́ta hàn án lọ́jọ́ tó ṣáájú kó ti kà á nílé. Ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú, kó fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ ìlà tó ń kà. Nóòtì tí ẹ bá kọ kún bọ́ọ̀dù, kó dà ìdajì rẹ̀ kọ, kí ẹni tó jókòó tì í yá a ní ìyókù. Ẹ fi báírò pupa pamọ́ fún nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan: lọ́sẹ̀ tí ẹ ń kọ́ b, àṣìṣe b nìkan ni kí ẹ sàmì sí.

Ọ̀rọ̀ títún kíláàsì ṣe tí ọ̀gá yín sọ kò ṣàì nídìí. Ọ̀gá ń ronú ìwé kẹfà àti ìdánwò tó ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró tí wọ́n tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún yìí, ohun kan náà ni yóò jáde, yóò kàn ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun lọ, ìtìjú á sì lé e padà sídìí ẹ̀wà. Bó bá jẹ́ pé àìsí nílé-ìwé ló fa á, tí rẹ́jísítà sì fi hàn bẹ́ẹ̀, èmi náà lè fara mọ́ títún un ṣe. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ní wà fún àwọn adití, afọ́jú àti àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Ibẹ̀ kọ́ ni ààyè rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka fífi ìyà jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, òfin náà sì fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ẹ lè mẹ́nu bà á bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lé ọmọ náà, ṣùgbọ́n òfin kò ní fi tíṣà kejì ránṣẹ́ sí kíláàsì yín. Ẹ̀yin àti iyanrìn yín ló wà níbẹ̀.

Ẹ má bá ìyá rẹ̀ jà lórí àdúrà. Bí ẹ bá sọ pé kò sí ayé, ilẹ̀kùn ti sé. Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ lọ, pé ìwé kíkà ló ń bá a fà á, pé ẹ̀yin sì ti rí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa gbàdúrà, kí ó má sì ṣe mú un lọ sọ́jà lọ́jọ́ ilé-ìwé. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́.

Mi ò lè fi lẹ́tà àti àpèkọ kan sọ pé dyslexia ni. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà ló yẹ kó jókòó tì í, kó fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí yín. Owó ọkọ̀ àti àkókò jẹ́ ìṣòro, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní kí ẹ ṣe yìí kò ní pa á lára bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní tàn yín pé yóò máa kàwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ka Yorùbá láìṣàṣìṣe bó bá yá, kí ó ṣì máa falẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì sì máa yọ ọ́ lẹ́nu títí dàgbà. Nígbà tó bá tó àkókò ìdánwò ìjọba, kí ọ̀gá yín tètè kọ̀wé ṣáájú láti béèrè bóyá wọ́n lè fi àkókò kún tirẹ̀.

Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbólóhùn kan náà fún un láìsọ tẹ́lẹ̀, bàbá gbé àgbàdo wá sílé, kí ẹ fi àpèkọ tuntun náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi báírò kàn án.